Iye owó gíráàmù 100 ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe iye owó ọ̀rá

Ẹ̀yin ará, bí oúnjẹ ṣe ń wọ́n sí i yìí, kẹ́ ẹ tó gbé ọjà, ẹ ṣírò iye tí gíráàmù 100 rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọ̀rá pín iye owó rẹ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀rá ńlá tí owó rẹ̀ jẹ́ 900 fún gíráàmù 750 já sí 120 fún gíráàmù 100. Kékeré rẹ̀ tó jẹ́ 440 fún gíráàmù 400 já sí 110. Ọ̀rá ńlá ló wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n! Àwọn tó ń ṣe ọjà kàn máa ń dín ohun inú ọ̀rá kù nígbà mìíràn ni, wọn ò ní fọwọ́ kan owó rẹ̀, ọ̀rá náà á sì tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ti inú agolo, ìwọ̀n tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá da omi rẹ̀ nù ni kẹ́ ẹ lò, tí wọ́n bá kọ ọ́. Òróró ní wàhálà tiẹ̀: lítà kan rẹ̀ ò wúwo tó kílò kan, ó tó nǹkan bíi gíráàmù 920, nítorí náà ẹ má fi iye owó lítà wé ti kílò. Ibi tí ìṣirò yìí ti lè tan èèyàn jẹ ni ohun tó ń tètè bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ ẹ́ tán, ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa jẹ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pín owó rẹ̀.