Bí Mo Ṣe Ṣètò Iṣẹ́ Ọwọ́ Fáwọn Ọmọdé Ní Láìbìrì

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni mo ti pinnu pé iṣẹ́ ọwọ́ tá a máa ṣe yìí kò ní jẹ́ èyí tá a kàn fi ń mú ọmọ jókòó, láìbìrì la wà, ìwé ló yẹ kó já sí. Mo bá mú ìwé kékeré olójú ewé 8 tí wọ́n ń fi pépà A4 kan ṣoṣo ṣe, kò gba gọ́ọ̀mù, kò gba okùn, sísọ́ọ̀sì àti kíréyọ́ọ̀nù ti tó.

Bá a ṣe ṣe é rèé. Ẹ ká pépà yẹn sí méjì kí etí kúkúrú bá etí kúkúrú, ẹ tún un ká bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ká bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, tẹ́ ẹ bá wá tẹ́ ẹ padà, ẹ máa rí i pé ìlà ti pín in sí ojú 8. Ẹ wá ká a sí méjì kí etí kúkúrú bá etí kúkúrú, kẹ́ ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e látojú ibi tó ká sí, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ìlà àárín, tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tí ìlà míì ti dábùú ẹ̀ ẹ dúró, ẹ má kọjá ibẹ̀ o. Ẹ tẹ́ ẹ padà, ẹ ká a ní gígùn, ẹ di orí méjèèjì mú kẹ́ ẹ tì wọ́n síra, ibi tẹ́ ẹ gé yẹn á là, ẹ ṣáà máa tì í títí tó fi máa pa dé, ó ti dìwé nìyẹn! Ibi tó ń là yìí gan-an làwọn ọmọ ti ń pariwo, wọ́n á ní kí n tún un ṣe.

Pépà fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lófíìsì, ló dáa jù, èyí tó bá nípọn kì í gbọ́ràn tó bá ti di kíká ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn tó ti pọ́mọ ọdún 6 sókè ló ká tiwọn fúnra wọn, tàwọn ọmọ ọdún 3 sí 5, mo ti ká a mo ti gé e sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, àwòrán nìkan ló kù tí wọ́n máa yà. Sísọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu róbótó ni mo kó síbẹ̀, mo sì wá tàwọn tó ń lo ọwọ́ òsì, torí sísọ́ọ̀sì ọwọ́ ọ̀tún ń fìyà jẹ wọ́n gan-an. Ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnì àti irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀, mi ò gbé e sórí tábìlì rárá, àwọn àbúrò tó ń tẹ̀ lé wọn wá lè kó o sẹ́nu.

Nǹkan kan wà tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni yí mi lọ́kàn padà lé lórí, òun ni pé mi ò fi ìwé tí mo ti kùn hàn wọ́n. Èyí tó ṣófo ni mo gbé sókè. Tí wọ́n bá ti rí tèmi pẹ́nrẹ́n, gbogbo wọn á yà á bó ṣe rí, ọmọ tó fẹ́ ya ejò á fi ejò ẹ̀ sílẹ̀ á máa ya òdòdó. Àwọn òbí ńkọ́? Ọwọ́ wọn máa ń yá láti gba kíréyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọmọ, mo bá fún àwọn náà ní pépà tiwọn, wọ́n jókòó wọ́n ń ṣe tiwọn, àlàáfíà jọba.

Kó tó di pé a mú kíréyọ́ọ̀nù, mo ti ka ìwé kan fún wọn, mo sì to oríṣiríṣi ìwé sáàárín tábìlì, ojú wọn sókè, mo wá ń bi wọ́n pé kí ló wà lára èèpo iwájú ìwé yìí, orúkọ ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ tiwọn sára èèpo iwájú ìwé wọn nìyẹn! Àwọn tí kò tíì mọ ìwé kọ sọ ìtàn wọn fún mi, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mi ò tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe.

Àwọn òṣìṣẹ́ láìbìrì bá wa gbé apẹ̀rẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìwé àwọn ọmọdé wà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì ka ìwé òun á jù ú síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ mú tiẹ̀ lọ sílé á mú un lọ. Mo tún fi pépà tó ṣófo lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n lè kọ́ ẹlòmíì nílé.