Bí ẹsẹ̀ ọkọ mi ò ṣe wú mọ́ tá a bá rìnrìn àjò

Ẹ káàsán o. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ọkọ mi, ara wọn ń yá díẹ̀díẹ̀, la bá ní ká lọ ṣe họ́lídè lọ́dọ̀ àwọn ọmọ n'Íbàdàn. Láti Adó, ká tó dé Ifẹ̀, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú, bàtà ò wọ̀ mọ́, téèyàn bá fìka tẹ̀ ẹ́ á jìn síbẹ̀.

Mo fi òrí pa á, kò lọ. A dín iyọ̀ kù, ó ṣe díẹ̀.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́: a kọ́kọ́ lọ bá dókítà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì, torí tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú tó sì ń dunni, tàbí tí èémí ò já gaara, ẹ jọ̀ọ́ ọsibítù ni o, kì í ṣe mọ́tò. Wọ́n ní kì í ṣe ìyẹn, wọ́n wá wọn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní ká ra sọ́kìsì tó máa ń fún ẹsẹ̀, àárọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń wọ̀ ọ́ fún wọn. Iwájú ni wọ́n ń jókòó, wọ́n á máa mi ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò, a ó dúró n'Ítawúrẹ́, ní Iléṣà, ní Ifẹ̀, kí wọ́n rìn díẹ̀ kí wọ́n sì mu omi. Inú mi dùn gan-an, bàtà wọn wọ̀ títí a fi délé ọmọ.

Ó lè má bá gbogbo ara mu. Ẹni tó ní ṣúgà tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn dáadáa dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kó bi dókítà kó tó wọ sọ́kìsì yẹn. Ìkọ́gòsì ló kàn báyìí.