Bí A Ṣe Lè Dá Òkúta Dídán Tí A Rí Nínú Odò Mọ̀

Àwọn tó ń fọ wúrà létí odò ní agbègbè Iléṣà a máa rí òkúta kan tó yàtọ̀ nínú yanrìn tó ṣẹ́kù sínú àwo wọn, tí igun rẹ̀ ṣe déédéé, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òòlù ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ fi fọ́ ọ wò. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ìrísí òkúta gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ohun tó jẹ́, èyí tó bá sì ti fọ́ kò ṣeé tò padà.

Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀, kí ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn. Ẹ má fi àwọ̀ pinnu. Quartz, irú òkúta dídán kan, lè mọ́ gaara bí omi, ó lè jẹ́ aláwọ̀ elésè àlùkò, ó sì lè dúdú bí èéfín. Tourmaline, irú òkúta dídán mìíràn, náà lè dúdú, ó lè pupa, ó lè ní àwọ̀ ewé. Ìlà ara òkúta ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Quartz ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ìlà tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ ní ìbú. Ti tourmaline ń lọ ní òòró, bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà yà. Beryl, òkúta dídán mìíràn, náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi etí òkúta náà ha ìgò, kí ẹ sì fi ìka tútù nu ojú ibẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìgò ló ha tàbí ìyẹ̀fun lásán ló wà níbẹ̀. Lórí ìwọ̀n líle tí Friedrich Mohs ọmọ Jámánì gbé kalẹ̀ ní 1812, níbi tí nọ́ńbà tó ga jù ti jẹ́ ti òkúta tó le jù, ìgò wà ní nǹkan bí 5.5, quartz sì wà ní 7. Nítorí náà, quartz lásán náà lè ha ìgò; òkúta tó ha ìgò kò tíì di dáyámọ́ǹdì.

Bí odò bá ti yí òkúta náà títí tí gbogbo igun rẹ̀ fi parẹ́, ìwúwo ni kí ẹ lò. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ lórí òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n náà, kí ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ fi òwú so òkúta náà rọ̀ sínú omi, kí ó rì pátápátá láìkan ìsàlẹ̀ ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fi iye tó hàn pín iye àkọ́kọ́; ìdáhùn ni ìlọ́po tí òkúta náà fi wúwo ju omi tó gba àyè kan náà lọ. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 21.2 ní gbígbẹ, tí òṣùwọ̀n sì fi 8.0 hàn, ìdáhùn jẹ́ 2.65, èyí tí í ṣe ti quartz. Bí ó bá jẹ́ 24.8 lórí 8.0, 3.1 nìyẹn, ẹ fura sí tourmaline. Topaz, òkúta dídán mìíràn, wà ní nǹkan bí 3.5. Beryl sún mọ́ quartz jù, ìwúwo nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àfọ́kù ìgò tí odò ti dán náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wá ihò afẹ́fẹ́ kékeré nínú rẹ̀ láti fi dá a mọ̀.

Èyí tó bá ṣì rú yín lójú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ẹ fi òwú dì í lọ́tọ̀, nítorí bí topaz bá gba ìkọlù kan ṣoṣo, ó lè là sí méjì gbọọrọ.