Ọkọ̀ Èrò Lóru l'Ékòó: Ohun Tí Ẹni Tó Ń Dá Rìn Gbọ́dọ̀ Yẹ̀ Wò Kó Tó Wọlé

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í dín láwọn ibùdókọ̀ Èkó, owó ọkọ̀ á gbẹ́nu sókè, àwọn danfó tó ń tò ní gáràjì á sì ti máa wábi sùn. Àsìkò yìí làwọn oní-wan-ṣáńsì, ìyẹn àwọn adigunjalè tó ń ṣe bí ọkọ̀ èrò, ń jáde. Kì í ṣe olówó ni wọ́n ń wá. Ẹni tó dá dúró ni wọ́n ń wá, tó ti rẹ̀, tí ibi tó ń lọ jìn, tó sì dúró síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rántí nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbé e. Àwọn tí ẹ pè ní èrò nínú ọkọ̀ náà, ọ̀kan ni wọ́n pẹ̀lú awakọ̀. Wọ́n á há yín sáàárín, ìlẹ̀kùn á tì, ọkọ̀ á yà kúrò lọ́nà tí ẹ mọ̀. Tó bá ti dé ibẹ̀ yẹn, ohun tí ẹ lè ṣe kò pọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí a ó fi pẹ́ lórí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ṣáájú wíwọ ọkọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́

Owó ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹni tó bá mú owó ọ̀sán dání lóru, ọkọ̀ tó bá dínwó jù ni yóò wọ̀, ọkọ̀ tó sì dínwó jù lóru ló yẹ kí èèyàn fura sí jù. Ẹ mú ìlọ́po méjì owó tí ẹ máa ń san lọ́sàn-án, kó jẹ́ owó wẹ́wẹ́, kí ẹ fi sápò iwájú kí ẹ má baà máa ṣí pọ́ọ̀sì lójú títì. Ìyókù owó, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíì lára yín.

Àwọn adigunjalè inú ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ owó ọwọ́ mọ́. Káàdì ATM àti áàpù báńkì ni wọ́n ń béèrè. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó máa rìn lóru déédéé, ẹ ya àkáǹtì kékeré kan sọ́tọ̀, kí káàdì ti ìyẹn nìkan wà lára yín, kí áàpù àkáǹtì ńlá má sì sí lórí fóònù tí ẹ ń gbé jáde. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ní kóòdù tí èèyàn lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíì láti fi ti àkáǹtì pa. Ẹ kọ ti báńkì yín sórí ìwé, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sílé. Lórí ìwé kan náà, ẹ kọ nọ́ńbà IMEI fóònù yín, èyí tí wọ́n fi ń dá fóònù kan mọ̀ yàtọ̀ (ẹ tẹ *#06#, yóò jáde).

Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kò tó ìdajì kò yẹ fún ìrìn òru. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tó ní síìmù àti owó ìpè, tí ẹ fi síbi tó yàtọ̀ sí ti fóònù ńlá, wúlò ju páwà báǹkì lọ. Ẹ há nọ́ńbà èèyàn méjì sórí. Ẹni tó ti gbára lé fóònù láti rántí nọ́ńbà ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, kò ní lè pè é lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba fóònù náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ọ̀nà tí ẹ ó gbà, àti aago tí ẹ ó dé. Ẹ jọ fẹnu kò sí ohun tí yóò ṣe: bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá lórí aago yẹn, kó pè, bí ìpè méjì ò bá wọlé, kó tẹ 112 tàbí 767, tó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, kò gba owó. Ẹ tún ní gbólóhùn àdììtú kan láàárín ara yín, tí yóò jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ wà nínú ewu bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ ní tààrà. Nínú ilé tí kò sí ajá, "Ṣé ẹ ti fún ajá lóúnjẹ?" ti tó.

Ibi tí ẹ ó dúró sí

Gáràjì tí ọkọ̀ ti ń tò ló dáa jù, bí ẹ tilẹ̀ ní láti rìn padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Agbèrò tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ mọ̀ wọ́n lójú, ọkọ̀ tí kò sí lórí ìlà kò sì ní rọrùn láti wọ àárín wọn. A mọ̀ pé ariwo àwọn agbèrò máa ń sú èèyàn, àmọ́ lóru ariwo yẹn ṣàǹfààní. Ọkọ̀ sóólè tó ń gbé èrò lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ kò bá lè dé gáràjì, ẹ dúró síbi tí iná wà tí ọjà sì ṣì wà: ẹnu ọ̀nà ilé epo, ẹ̀gbẹ́ onísúyà, iwájú ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró sábẹ́ afárá tàbí sórí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ẹ kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ẹ yọ íàpíìsì kúrò létí, ẹ sì fi fóònù sápò. Iná ojú fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn rí ẹni tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ẹni náà ń rí ojú yín kedere.

Wíwo ọkọ̀

Ẹ ka oókan dé ẹ̀ẹ́wàá kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Kọ̀ńdọ́ á pariwo "Ẹnì kan ló kù! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" Ẹ jẹ́ kó pariwo.

Nọ́ńbà ọkọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ wò. Ní Nàìjíríà, pupa ni lẹ́tà nọ́ńbà ọkọ̀ èrò, búlúù ni ti ọkọ̀ aládàáni. Ọkọ̀ tó ń pe èrò tí lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ búlúù, kàbúkàbú ni, bí awakọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ wọ kóòtù. Èyí tí wọ́n fi ẹrẹ̀ tàbí aṣọ bo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀pọ̀ danfó ló tún kọ nọ́ńbà sí ara ọkọ̀. Bí èyí tó wà lára kò bá bá èyí tó wà lẹ́yìn mu, ẹ má wọ̀ ọ́. Àwọ̀ yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú méjì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni lè ra ọ̀dà.

Ẹ wo àwọn tó jókòó. Ọkùnrin mẹ́ta sí márùn-ún tí ọjọ́ orí wọn jọra, tí kò sẹ́ni tó gbé ẹrù, tí kò sẹ́ni tó ń tòògbé, tí kò sẹ́ni tó ń bá kọ̀ńdọ́ jà lórí ṣéńjì: ìyẹn kò jọ ọkọ̀ èrò l'Ékòó. Ẹ má sì torí pé ẹ rí obìnrin tàbí àgbàlagbà nínú rẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí máa ń gbé obìnrin dání nítorí wọ́n mọ̀ pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ wò.

Àmì tó lágbára jù ni ibi tí wọ́n bá fún yín jókòó. Bí ẹnì kan bá sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ lè bọ́ sáàárín, ẹ má wọlé. Ẹ sọ pé, "Mi ò jìnnà, ẹ jẹ́ n jókòó lẹ́nu ọ̀nà." Èrò gidi á kùn, á sì sún wọlé. Ẹni tó bá takú pé àárín lẹ gbọ́dọ̀ jókòó ti sọ ẹni tí òun jẹ́ fún yín.

Kí ẹ tó dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ọkọ̀ Ìkọtún kì í ṣàdédé di ọkọ̀ Ìkòròdú torí pé ẹ dárúkọ Ìkòròdú. Awakọ̀ tó bá gbà fún gbogbo ibi tí ẹ bá dárúkọ, tí owó rẹ̀ sì kéré sí ti gáràjì, kì í ṣe owó ọkọ̀ ló ń wá.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìdẹkùn kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ní kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ṣe nítorí ọmọdé. Bí wọ́n bá ti tì í, ẹni tó wà nínú kò lè ṣí i. Ẹ jókòó, ẹ pa ìlẹ̀kùn dé, kí ẹ sì ṣí i padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bíi pé aṣọ yín há sí i. Bí kò bá ṣí, ẹ pariwo kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tí àwọn tó wà níta ṣì lè gbọ́. Nínú danfó, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá kí ẹ tó wọlé.

Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. "Ẹ máa lọ, mo ń dúró de ẹnì kan" ti tó. Wọ́n lè bú yín. Èébú kì í dápàá.

BRT àti ọkọ̀ ojú irin

Níbi tí ọ̀nà yín bá ti bá tiwọn mu, ẹ yan ìwọ̀nyí. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ń ná Marina sí Mile 2, Red Line ń ná Agbádó sí Oyíngbo. Iná wà ní ibùdó wọn, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, wọn kì í sì yà kúrò lójú irin. Wọn kì í ṣiṣẹ́ dòru, nítorí náà ẹ béèrè aago ọkọ̀ ìkẹyìn ní ibùdó tí ẹ máa lò gan-an.

BRT, ìyẹn bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ní ewu tirẹ̀ bí èèyàn bá wọ̀ ọ́ níbi tí kò yẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀dọ́bìnrin kan wọ BRT ní Chevron, ó ń lọ sí Ọ̀ṣòdì. Ọkọ̀ náà ṣókùnkùn, èrò inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà hàn án, àmọ́ òkú rẹ̀ ni wọ́n padà rí. Nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ ọkọ̀ àti awakọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Nítorí náà, ẹ má wọ BRT tó dúró fún yín níbi tí kì í ṣe ibùdó rẹ̀, tàbí èyí tí iná inú rẹ̀ kú. Bí awakọ̀ bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ pẹ̀lú káàdì Cowry, pé owó ọwọ́ ni kí ẹ fún òun, ẹ sọ̀ kalẹ̀, torí kò fẹ́ kí ìwé kankan mọ̀ pé ẹ wọlé.

Nínú ọkọ̀

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ pe ẹni yín nílé, kí awakọ̀ gbọ́: "Mo ti wọ danfó ní Ọ̀jọ́ta, nọ́ńbà rẹ̀ rèé." Lórí WhatsApp, ẹ lè jẹ́ kó máa rí ibi tí ẹ wà fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8. Ẹ yan 8, torí gòsílóò Èkó á jẹ wákàtí kan tán kí ẹ tó dé Kétu.

Ìlà tó súnmọ́ ìlẹ̀kùn ni kí ẹ jókòó sí. Ìlà ẹ̀yìn pátápátá ṣòro láti jáde nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, ẹ ti gíláàsì, kí fóònù wà nísàlẹ̀ itan, pàápàá tí ọkọ̀ bá dúró nínú gòsílóò. Ọwọ́ àwọn tó ń já fóònù gbà yá ju ojú lọ. Ẹ má sùn. Ẹ máa ka àwọn ibùdókọ̀ bí ẹ ṣe ń kọjá wọn, kí ẹ lè mọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá yà.

Bí ara bá fu yín, ẹ má dúró dìgbà tí yóò dájú. Ẹ ké "Ó wà o!" ní ibùdókọ̀ tó kàn tí iná àti èèyàn wà, bí kì í tilẹ̀ ṣe tiyín. Ọkọ̀ gidi á dúró, kọ̀ńdọ́ á sì kanra. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa àpótí dọ́là tó wà nínú búùtù, tí ẹlòmíì ń ríran sí yín, ibẹ̀ gan-an ni ibùdókọ̀ yín.

Bí wọ́n bá ti mú yín

Ẹ fún wọn lóhun tí wọ́n béèrè. Ẹ má wojú wọn tààrà, ẹ má sì pe PIN irọ́: wọ́n máa ń dán an wò kí wọ́n tó tú èèyàn sílẹ̀, irọ́ yẹn ni lílù ń tẹ̀lé. Ẹ má bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré.

Tí wọ́n bá ti já yín sílẹ̀, ẹ lọ síbi tí iná wà, ẹ yá fóònù, ẹ tẹ 112 tàbí 767. Ẹ ti àkáǹtì pa, lẹ́yìn náà kí ẹ pe 300, nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà fi ń pe iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti orí síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí wọ́n ti síìmù yín pa. Ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀. Síìmù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì padà.

Ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72, nítorí oògùn tó ń dènà HIV kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá lè jẹ́ lóru yẹn gan-an, ó sàn jù. Kó má wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ tó wọ̀. Mirabel Centre tó wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó n'Íkẹjà, ń tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ibùdókọ̀ dé ilé

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ jókòó sí etí, kì í ṣe sáàárín ọkùnrin méjì, kí okùn báàgì sì wà nínú, kì í ṣe níta níbi tí ọlọ́kadà lè ti fà á. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, ẹ gba ọ̀nà tí iná wà bó tilẹ̀ jìn.

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ń ti gééìtì lóru, àwọn kan ní aago mọ́kànlá. Ẹ ní nọ́ńbà ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ lórí fóònù méjèèjì, ẹ sì pè é nígbà tó bá ku ibùdókọ̀ méjì, kó ti wà lẹ́nu gééìtì kí ẹ tó dé. Bí kò bá gbé e, ẹ má lọ dúró sẹ́nu gééìtì tó ti tì. Ẹ jókòó sí ilé epo tó ń ṣiṣẹ́ dòru, ilé ìwòsàn tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe ìsọ́ òru, títí tí yóò fi gbé e tàbí tí aago márùn-ún àárọ̀ yóò fi lù.