Bí Mo Ṣe Se Baba Dúdú fún Wólímọ̀ Ilé Wa

Ṣokoléètì ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká pín níbi wólímọ̀ Kùráánì ọmọ rẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ náwó sí i. Oṣù kẹta ni wọ́n fi ètò náà sí, oòrùn Ìlọrin kì í sì í ṣojú àánú lásìkò yẹn. Ọ̀rá kòkó tó wà nínú ṣokoléètì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 34°C. Ohun tó jẹ́ kó máa yọ́ lẹ́nu nìyẹn, torí ara èèyàn tó 37°C. Abẹ́ kánópì lọ́sàn-án oṣù kẹta máa ń ju 34 lọ dáadáa. Kí ọmọ tó ka súrà tiẹ̀ tán, ọ̀rá ni àwọn àlejò yóò máa nù lọ́wọ́. Mo ní baba dúdú ni màá sè. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní oúnjẹ ọmọ iléèwé. Mo ní kò burú.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: àgbọn gbígbó mẹ́ta láti ọjà Ìpàta, ṣúgà oníhóró ààbọ̀ kílò, ọsàn wẹ́wẹ́ ẹyọ kan. (Ṣúgà kì í ṣe àlejò ní Kwara. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Bacita, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí mo rà kò ti ibẹ̀ wá.) Mo fọ́ àgbọn, mo lọ̀ ọ́ ní bùlẹ́ńdà pẹ̀lú omi gbígbóná, mo sì fi aṣọ fún oje funfun rẹ̀. Ẹ má lo omi tútù. Ọ̀rá àgbọn máa ń dì bí kò bá tó nǹkan bí 24°C, inú pàǹtí ni yóò sì dúró sí.

Àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì yá mi ní tẹmómítà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tì í bọ inú omi tó ń hó. Ó kọ 99. Ọwọ́ mi ti ń lọ sórí fóònù láti sọ fún un pé nǹkan rẹ̀ ti bàjẹ́, kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé Ìlọrin fi nǹkan bí 300 mítà ga ju òkun lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga ni afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ń fúyẹ́, omi á sì máa hó kó tó dé 100. Tẹmómítà kò parọ́.

Mo da oje àti ṣúgà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ bí ìlàjì ṣíbí kékeré sí i, mo gbé e kaná, mo sì ń rò ó. Láìpẹ́ ó dé 103, ó dé 104, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Mo fi kún iná. Kò mì.

Ohun tó fà á ni pé omi tó ń hó kì í gbóná kọjá ibi tó ti ń hó. Gbogbo ooru tí ẹ bá kó sí i, èéfín ló ń gbé e jáde. Ṣúgà tó yọ́ sínú omi ló ń sún ibi híhó yẹn sókè, bí omi bá sì ṣe ń fò lọ, tí ṣúgà ń ki sí i, ni nọ́ńbà ń gòkè. Iye omi tó kù nínú ìkòkò ni tẹmómítà ń sọ fún yín, kì í ṣe bí iná ṣe le tó. Bí omi ṣúgà bá dé 115°C, nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti di ṣúgà. Ní 125°C, ó ti lé ní 90. Bó bá wá kọjá 150°C, omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, suwíìtì tó ń fọ́ kẹ́kẹ́ lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tó bá ń se suwíìtì, omi ló ń lé.

Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ọ̀fà, tó ti gbé igbá baba dúdú kiri ìdíkọ̀ rélùwéè wọn nígbà èwe, kò wo tẹmómítà náà lẹ́ẹ̀mejì. Abọ́ omi tútù ló gbé síwájú mi.

"Ìyá Àísá, kán an síbẹ̀ ká wò ó."

Mo kán an. Mo fi ìka kó o jọ nísàlẹ̀ omi, ó ṣù róbótó. Bí mo ṣe gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ pẹrẹsẹ. Tẹmómítà ń kọ 114.

"Ṣé ó ti tó, Màmá?"

"Kò tíì tó. Ó ṣì lómi nínú."

A ń rò ó lọ. Híhó rẹ̀ yí padà: ìfófòó wẹ́wẹ́ ti di ńláńlá, wọ́n ń bẹ́ pọ̀ pọ̀, òróró àgbọn sì ń yọ létí. Nígbà tí mo tún kán an, ó dì kó tó dé ìsàlẹ̀ abọ́. Mo mú un, mo jù ú sínú àwo tánganran, ó dún kó! Kò tẹ́ rárá. 126 ni tẹmómítà kọ. Màmá ní, "Sọ̀ ọ́."

Ní ti àwọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣúgà tó jóná ló ń sọ baba dúdú di dúdú. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà lásán kì í pọ́n àfi tó bá súnmọ́ 160°C, èmi ò sì dé 130. Kí ló wá pa á láró? Oje àgbọn ni. Purotéènì wà nínú rẹ̀, tí òun àti gúlúkóòsì bá sì pàdé nínú ooru, wọn a di ohun tó pọ́n, tó ń ta sánsán. Louis-Camille Maillard, ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912. Ohun kan náà ló ń pọ́n èèpo búrẹ́dì. Àmọ́ ṣúgà oníhóró kò lè dá a ṣe, torí ńṣe ni gúlúkóòsì àti fúrútóòsì, oríṣi ṣúgà méjì, so mọ́ra nínú rẹ̀. Kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń tú díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ẹ má wá dà á bí ẹni ń po ọtí o, nítorí kíkan tó bá pọ̀ jù á fa pípọ́n náà sẹ́yìn. Àwọn kan máa ń jó ṣúgà díẹ̀ kí wọ́n tó da oje sí i. Ó máa ń dúdú kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń korò, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọsàn yẹn tún ní iṣẹ́ mìíràn. Ní 20°C, omi 100 gíráàmù lè gba ṣúgà bí 200 gíráàmù mọ́ra. Ní 100°C, ó lè gbà ju 480 lọ. Tó bá wá ń tutù, ṣúgà tí kò ráyè mọ́ á máa wá ọ̀nà láti dì padà. Hóró kan péré tó lẹ̀ mọ́ etí ìkòkò ti tó láti pe àwọn yòókù jọ, kí ẹ sì tó mọ̀, suwíìtì á máa ṣe ṣàkàṣàkà lẹ́nu. Gúlúkóòsì àti fúrútóòsì tó ti dá dúró kì í jẹ́ kí hóró ráyè tò, ọ̀rá àgbọn náà ń bá wọn dí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó lómi nu etí ìkòkò, n kò sì rò ó mọ́ lẹ́yìn tí mo ti sọ̀ ọ́.

Mo lé àwọn ọmọ jáde nígbà tí mo ń dà á sínú tírè. Ṣúgà tó ń hó burú ju omi gbígbóná lọ: ó gbóná jù ú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, a fi òróró pa ọwọ́, a ń gé e, a ń yí i róbótó, a sì ń fi nylon wé e lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ níta, torí ṣúgà líle a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ká ní ìgbà òjò ni, ǹ bá sè é dé 130 kí n tó sọ̀ ọ́, torí 126 yẹn á ti máa lẹ̀ mọ́ nylon.

Ìkòkò ńkọ́? Ẹ má fi irin họ ọ́. Ẹ bu omi sí i, ẹ gbé e padà sórí iná kékeré, gbogbo ohun tó lẹ̀ á yọ́. Tí ìdí rẹ̀ kò bá jóná, ẹ má da omi náà nù. Òun ni ọkọ mi fi mu ògì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó tún ń béèrè èyí tó kù.