Ọ̀bọ wa ń bu ara rẹ̀ jẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtọ́jú ọ̀bọ inú láàbù

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń tọ́jú ọ̀bọ nílé ìwádìí kan wá kí mi ní Ìgbógbó, níbí ní Ìkòròdú, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Kò tíì jókòó tán tó fi yọ ìwé kan jáde nínú àpò. Ìbéèrè ló kọ sí i, tojú tẹ̀yìn. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe fún ọdún 23 kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni nǹkan wọ̀nyí ń dà láàmú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ohun tí a jọ sọ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá, akọ ọ̀bọ kan wà lọ́dọ̀ wa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní rhesus, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Á kàn dédé gbá apá ara rẹ̀ mú, á bù ú jẹ. Irun itan rẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òun ló ń fà á tu. Abẹ́rẹ́ wo la lè fún un?

Ìdáhùn: Má tíì sọ ti abẹ́rẹ́. Jẹ́ kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: eyín, awọ ara, oríkèé, ojú ibi tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí. Nígbà mìíràn, ibi tó ń dun ẹranko ló máa ń bù jẹ. Bí dókítà bá ní òun ò rí nǹkan kan, èmi á bi ọ́ pé: ta ló ń bá a gbé?

O ní òun nìkan ni, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bọ rhesus kì í dá gbé. Inú agbo ni wọ́n ń bí i sí, ọmú ìyá ló ń dì mọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń yọ iná lára rẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú kan, Harry Harlow, ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, gba àwọn ọmọ ọ̀bọ lọ́wọ́ ìyá wọn, ó ṣe ìyá irọ́ méjì fún wọn: ọ̀kan jẹ́ wáyà lásán, èkejì ni wọ́n fi aṣọ bò. Kódà nígbà tó jẹ́ pé ara wáyà ni mílíìkì wà, wọ́n á kàn lọ mu ún ni, wọ́n á padà lọ dì mọ́ aṣọ. Àwọn ọmọ ọ̀bọ tó tì mọ́lé láwọn nìkan pátápátá ní tiwọn dàgbà di ẹni tó ń mi ara síwá sẹ́yìn, tó ń bu ara jẹ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ohun tí ojú wọn rí. Ṣùgbọ́n tí o bá wo akọ yín yẹn, ohun kan náà lò ń wò.

Ìbéèrè: Mo sọ fún ọ̀gá wa pé ká wá ẹnìkejì fún un. Ó ní ká má dán an wò, pé wọ́n á pa ara wọn.

Ìdáhùn: Ẹ̀rù ọ̀gá rẹ kì í ṣe lásán. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti ẹnìkejì mi kó akọ méjì pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a tilẹ̀kùn, a lọ sílé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹni tó wá fún wọn lóúnjẹ ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀kan ti pàdánù orí ìka méjì. Ó ká jọ sí igun kéèjì, ó fi ọwọ́ tó kù bo èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwa la fà á, kì í ṣe ọ̀bọ.

Bó ṣe yẹ ká ti ṣe é nìyí. Gbé kéèjì àwọn méjèèjì sún mọ́ra, kí wọ́n máa rí ara wọn, kí eyín má lè kan ara. Lẹ́yìn náà, jókòó wò wọ́n, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún o, fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí ò ń wá ni kí ọ̀kan gbà fún èkejì. Tí ọ̀kan bá ń gbé ojú kúrò, tó ń ṣí eyín sílẹ̀ láìpariwo, tó ń yẹra níbi tí èkejì bá sún mọ́, tí èkejì náà ò sì lé e kiri, ọ̀rọ̀ ti ń wọ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń la ẹnu halẹ̀ mọ́ra, má fi dandan sí i. Wá ẹlòmíràn.

Nígbà tó bá wọ̀, kó wọn sí kéèjì kẹta tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn, kí ọ̀kan má baà jẹ́ onílé, kí èkejì jẹ́ àlejò. Abọ́ oúnjẹ méjì, ẹnu omi méjì, kí wọ́n jìnnà síra. Fi pátákó kan dábùú kí ẹni tí wọ́n ń lé lè sá sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kó rí ọ̀nà jáde lápá kejì. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni kó o ṣe é, nígbà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè dá sí i yóò wà nítòsí títí di ìrọ̀lẹ́.

Abo pẹ̀lú abo rọrùn. Akọ àgbà pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú máa ń ṣeé ṣe dáadáa, òun sì ni mo rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú fún akọ yín. Akọ àgbà méjì ló gba sùúrù jù.

Tí ọ̀gá bá ṣì ń ṣiyèméjì, sọ fún un pé ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn láàbù Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, ẹ̀dà kẹjọ rẹ̀ tó jáde ní 2011, ti fi gbígbé pọ̀ ṣe ìlànà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bọ kan sí òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí.

Ìbéèrè: A ra bọ́ọ̀lù, a ra dígí, a so táyà rọ̀. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n fò mọ́ ọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọn ò wò ó mọ́.

Ìdáhùn: Má jù wọ́n nù. Kó wọn kúrò, kó o dá wọn padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á tún di tuntun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ọ̀bọ ń fẹ́ ju ohun ìṣeré lọ. Nínú igbó, oúnjẹ ló ń wá fún apá tó pọ̀ nínú ọjọ́: á ṣí ewé, á bó èèpo, á fọ́ èso. Lọ́dọ̀ yín, ẹ da oúnjẹ sínú abọ́ láago mẹ́jọ, kó tó di mẹ́sàn-án ó ti jẹ tán. Kí ni kó wá máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú?

Gé ọparun gbígbẹ kan, kó gùn tó apá. Lu ihò mẹ́rin sí i, kí ẹ̀pà lè gbà á jáde, kí ìka lè wọ̀ ọ́ kó sì jáde láìhá. Fi sáńdípépà fá ẹnu ihò kó dán. Da ẹ̀pà àti àgbàdo sínú rẹ̀, dí ẹnu rẹ̀, kó o so ó mọ́ ara kéèjì láti ìta.

Mo ṣe irú rẹ̀ fún abo kan tó ti sọ pípòòyì dìṣe, tó jẹ́ pé ojú kan náà ló ń yí po látàárọ̀. Ó kọ́kọ́ mì ín, ó gbọ́ ohùn ẹ̀pà nínú rẹ̀. Ó dúró. Ó ti ìka kan bọ̀ ọ́, ó fa ẹ̀pà dé ẹnu ihò, ẹ̀pà yọ́ padà. Ó tún ṣe é, ó tún ṣe é. Nígbà tí ọ̀kan jáde, kò tètè jẹ ẹ́. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Mo dúró níbẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán mi fi tutù.

Ohun kejì kò ní ná yín ní nǹkan. Gba èérún igi tí àwọn káfíńtà fá sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wọn pọ̀ ní Ìkòròdú níbí. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kéèjì, kó o wọ́n ọkà bàbà sínú rẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ tú u wò. Ṣùgbọ́n bi káfíńtà léèrè bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán sí igi náà. Tí wọ́n bá ti fi sí i, fi í sílẹ̀ fún wọn. Kó o sì yọ ìwọ̀n ẹ̀pà àti ọkà yẹn kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́ wọn, ọ̀bọ inú kéèjì kì í pẹ́ sanra.

Ìbéèrè: Kéèjì wa jẹ́ alájà méjì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa ń sá sí kọ̀rọ̀ tá a bá ti wọlé.

Ìdáhùn: Òkè ni ọ̀bọ ń sá lọ tí ẹ̀rù bá bà á. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ní òkè, orúnkún yín ló ń wò, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Kò sí ohun ìṣeré tó lè tún ìyẹn ṣe. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2010 ní kí kéèjì irú ọ̀bọ yìí ga tó mítà 1.8, kí ilẹ̀ rẹ̀ má sì dín ní sikúéà mítà 2 (bíi mítà 2 lóròó, mítà 1 níbùú). Ẹ yọ àjà àárín, kẹ́ ẹ sọ méjì di ọ̀kan tó ga. Fi igi ìjókòó sí i, kó ga ju ojú yín lọ, kó sì jìnnà sílẹ̀ tó tí ìrù ò fi ní kan ìdọ̀tí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ má tẹjú mọ́ wọn lójú. Ìjà ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ìbéèrè: Gbígba ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Èèyàn mẹ́ta ló ń dì wọ́n mú.

Ìdáhùn: Èsì ìwádìí yín gan-an ló ń bà jẹ́. Ìbẹ̀rù máa ń gbé omi ara tó ń jẹ́ cortisol sókè, ó sì ń yí iye sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹ kọ́ wọn. Tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, fún un ní èso àjàrà gbígbẹ kan. Tó bá na ẹsẹ̀, òmíràn. Tó bá jẹ́ kó o fọwọ́ kàn án, òmíràn. Abẹ́rẹ́ ló máa kẹ́yìn, ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Láti 1959 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Russell àti Rex Burch, ti là á sílẹ̀ nínú ìwé wọn lórí lílo ẹranko fún ìwádìí: fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹranko bó bá ṣeé ṣe, dín iye wọn kù, kó o sì dín ìrora èyí tó bá kù kù.

Ìbéèrè: Tá a bá ṣe gbogbo èyí, tó ṣì ń bu apá rẹ̀ jẹ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Èyí tó ti dá wà láti kékeré lè má fi í sílẹ̀ tán, ó lè kàn dín kù ni. Nítorí náà, láti ọ̀la, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, jókòó tì í fún wákàtí kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́. Kọ iye ìgbà tó bu ara rẹ̀ jẹ sílẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó ṣe é: ta ló wọlé, ìgbà wo ni wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ta ni wọ́n ń fún lóúnjẹ níṣojú rẹ̀. Ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó o mú ìwé náà wá bá mi.