Bí Mo Ṣe Mú Ìkìlọ̀ Kan Kúrò Nídìí Dáńlóòdù

Ní ìsọ̀ mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, mo ń tún ìkànnì aládìrẹ kan ṣe, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń gba bátànì nínú fáìlì zip. Fáìlì ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá tẹ líǹkì náà, búráúsà a kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú console, ojú tó ti ń fi ìkìlọ̀ àti àṣìṣe han ẹni tó ń ṣe ìkànnì: “Resource interpreted as Document but transferred with MIME type application/zip”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé búráúsà rò pé ojú ewé tuntun ni òun fẹ́ ṣí, kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi fáìlì ìkànnì ránṣẹ́, tó sọ fún un pé zip ló ń bọ̀. Kò ba nǹkan kan jẹ́, síbẹ̀ n kò fẹ́ ẹ níbẹ̀, nítorí ìkìlọ̀ tí kò ní láárí máa ń bo àṣìṣe gidi mọ́lẹ̀.

Mo kọ́kọ́ yẹ Content-Disposition wò lórí sáfà, ìyẹn ìlà tó ń sọ fún búráúsà bóyá kó ṣí fáìlì tàbí kó gbà á sílẹ̀. Attachment, tó túmọ̀ sí pé kó gbà á sílẹ̀, ló wà níbẹ̀, bó ṣe yẹ. Líǹkì fúnra rẹ̀ ni mo wá tún ṣe: mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, download, kún un lẹ́yìn href="batani.zip", tó ń tọ́ka sí fáìlì náà, ìkìlọ̀ náà kò sì jáde mọ́. Ẹ kíyè sí i pé orí ìkànnì kan náà ni fáìlì àti ojú ewé tó gbé líǹkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, nítorí búráúsà kì í ka ọ̀rọ̀ yìí sí bí fáìlì bá ti orí ìkànnì mìíràn wá.